Kí Ẹ Tó Tú Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Ilé Yín

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa níhìn-ín ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ kan wà tí iná ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti ń tàn láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Màmá ń wà á lọ síbi iṣẹ́ alẹ́, bàbá ń fi í gbé èrò, ojú gbogbo ará ilé sì ti mọ́ iná náà lára. Ìgbà tí àyẹ̀wò bá dé ni ariwo máa ń sọ. Ní California, ọkọ̀ tí iná yìí bá ń tàn kì í yege àyẹ̀wò èéfín, bẹ́ẹ̀ sì ni ọkọ̀ tí àyẹ̀wò bá kàn tí kò yege kò lè rí ìwé rẹ̀ sọ dọ̀tun wọ́ọ́rọ́wọ́.

Èrò wa ni pé àwa ọ̀dọ́ lè tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe nílé, kódà nígbà tí sẹ́ńsọ̀ tó ń dàmú bá fara pamọ́ síbi tí ọwọ́ kò tètè tó. Ṣùgbọ́n ohun kan gbọ́dọ̀ ṣáájú sípánà: kí á mọ̀ dájú pé sẹ́ńsọ̀ náà ló jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan tó wọ́pọ̀. Toyota Sienna ti ọdún 1998 sí 2003 àti Lexus RX 300 ti ọdún 1999 sí 2003 ń lo ẹ́ńjìnnì onílítà mẹ́ta kan náà. Sìlíńdà mẹ́fà ló ní, mẹ́ta lápá kan, mẹ́ta lápá kejì. Ní kòtò tó wà láàárín apá méjèèjì ni sẹ́ńsọ̀ méjì wà, tí wọ́n ń pè ní knock sensor. Mánífóòlù, ìyẹn ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì, ló bò wọ́n mọ́lẹ̀. Sẹ́ńsọ̀ náà kéré débi pé àtẹ́lẹwọ́ kan gbà á, síbẹ̀ gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ kúrò kí ẹ tó fojú kàn án. Ìdí nìyí tí owó mẹkáníìkì fi máa ń wọ́n lórí iṣẹ́ yìí. Títú àti dídì ló ń gba owó jù.

Kí ni iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ yìí gan-an? Etí ni. Bí epo bá gbiná lọ́nà àìtọ́ nínú sìlíńdà, ẹ́ńjìnnì á máa dún kòkòkò bí ẹni ń fi òòlù lu irin. Sẹ́ńsọ̀ á sọ ìgbọ̀nrìrì yẹn di iná mànàmáná díẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á gbọ́, á sì jẹ́ kí plọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ sí i kó tó ta iná. Bí kọ̀ǹpútà kò bá gbúròó etí yìí mọ́, á tan iná ẹ́ńjìnnì, á sì máa ṣọ́ra ṣe. Ọkọ̀ á wá máa wúwo, epo á sì máa tètè tán.

Láti ọdún 1996 ni gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ihò kan náà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, níbi tí a ti lè ki ẹ̀rọ bọ̀ láti ka kóòdù. P0325 ni ẹ ó rí fún sẹ́ńsọ̀ kìíní, P0330 fún ìkejì. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà, tí a ó sáré lọ ra sẹ́ńsọ̀ tuntun. Kóòdù yìí kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú. Ó ń sọ pé ìṣòro wà lójú ọ̀nà tí ohùn rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà. Wáyà tí ooru ti jẹ lè fà á. Eku lè ti gé e. Ẹnu wáyà lè ti dípẹtà. Bí ẹ bá pe ẹnìkan lórí fóònù tí kò dáhùn, ẹ kì í kéde òkú rẹ̀. Ẹ ó kọ́kọ́ wo nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ fi mítà yẹ wáyà náà wò láti ìhà kọ̀ǹpútà wá kí ẹ tó ná kọ́bọ̀.

Bí mítà bá ti wá fi hàn pé àfi kí ẹ tú u, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá. Ẹ yọ orí bátìrì tó jẹ́ négétífù. Epo wà nínú páìpù, nítorí náà iná kankan kò gbọdọ̀ sí nítòsí. Omi rédíétọ̀ dùn lẹ́nu, májèlé sì ni. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé tàbí ajá dé ìdí rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ohun tí ẹ bá fẹ́ tú. Bí mánífóòlù bá ti kúrò, ẹ fi aṣọ mímọ́ dí àwọn ihò tó là sílẹ̀, torí nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo tó bá já síbẹ̀ lè ba ẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ méjèèjì pẹ̀lú wáyà kékeré wọn lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹ sì lo gáskẹ́ẹ̀tì tuntun. Bí ẹ bá ń dè é padà, ẹ̀rọ tó ń wọn agbára ìfúnpọ̀ ni kí ẹ lò, kí ẹ sì tẹ̀ lé iye tí ìwé ọkọ̀ náà kọ.

Àwọn kan ń gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Wọ́n á fi wáyà tan kọ̀ǹpútà jẹ kí iná lè kú, ẹ́ńjìnnì á sì di adití. Àwọn mìíràn á pa kóòdù rẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, wọn ò mọ̀ pé pípa á rẹ́ máa ń nu àyẹ̀wò tí ọkọ̀ ti ṣe fún ara rẹ̀ nù, ẹ̀rọ ìjọba á sì rí i. Èyí tó burú jù ni kí á pa á rẹ́, kí á wá fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ sílé gẹ́gẹ́ bíi Tòkunbọ̀. Sienna pọ̀ lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, èrò ni wọ́n sì ń fi í kó. Ìyà tí a sá fún níhìn-ín, ẹlòmíì ni yóò jẹ ẹ́ lọ́hùn-ún.

A mọ ohun tí àwọn òbí kan yóò sọ: "Ṣé mẹkáníìkì ni mo ní kó o lọ kọ́ ní yunifásítì?" Ẹ dákun, ẹ rò ó wò. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọwọ́ tiwa ló lè wọ abẹ́ mánífóòlù. Àwọn bàbá àti ẹ̀gbọ́n wa tó ti ṣe mẹkáníìkì tàbí onírìwáyà rí nílé ló ní etí tó ń dá ariwo ẹ́ńjìnnì mọ̀. Ẹni tí kò bá ní irinṣẹ́ tàbí olùkọ́, kó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kó bi í pé: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ti yẹ wáyà rẹ̀ wò?"

Láti ọdún 1979 ni ilé ìkàwé ìlú Berkeley ti ń yá àwọn ará ìlú ní irinṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ ìlú wa tí owó wọn ń tó ra aṣọ ẹbí lè ra àpótí sókẹ́ẹ̀tì kan àti mítà kan. Sátidé kan lóṣù tó láti kó ọ̀dọ́ àti àgbà jọ sídìí ọkọ̀ kan. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ìpàdé tó ń bọ̀.