Ta Ni Àlejò Nínú Ilé Yìí?

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, níbi ayẹyẹ àmì ẹ̀yẹ fíìmù tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí AMVCA ní ìlú Èkó, wọ́n kéde Fẹ́mi Adébáyọ̀ gẹ́gẹ́ bí òṣèrékùnrin tó ta yọ jù lọ nípò olú ẹ̀dá-ìtàn. Eré Seven Doors ló gbé e dé ibẹ̀, níbi tí ó ti ṣe ọba, tí ó sì ṣe é bí ọba, pẹ̀lú Yorùbá tó dán lẹ́nu rẹ̀. Chioma Chukwuka tó ṣe olorì rẹ̀ nínú eré kan náà ló gba ti obìnrin. Ẹni tó bá ti ń tẹ̀lé ayẹyẹ yìí láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013 yóò mọ̀ pé nǹkan ńlá ló ṣẹlẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Inú mi dùn, n kò sì ní fi bò.

Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ kan náà, wọ́n tún pe fíìmù Lísàbí, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù lọ “ní èdè abínibí” fún ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn ènìyàn wa yọ̀ sí ìyẹn náà. Èmi kò yọ̀. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà kò yẹ ní yíyìn. Lateef Adédiméjì tó ṣe Lísàbí àti Níyì Akínmọláyan tó darí eré náà làágùn lórí rẹ̀, ó sì hàn. Ohun tí kò bá mi lára mu ni ibi tí wọ́n gbé e sí. Lísàbí Àgbòǹgbò-Àkàlà tó fi ẹgbẹ́ àáró kó àwọn Ẹ̀gbá jọ títí wọ́n fi bọ́ lọ́wọ́ àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́, tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni sọ onílé di ẹrú nínú ilé ara rẹ̀, òun gan-an ni wọ́n wá fún ní yàrá kan ní ẹ̀yìnkùlé, nínú bọ́ìsì kọ́tà. A sì dúpẹ́.

Ẹ wo ìwé tí wọ́n kọ ìsọ̀rí AMVCA sí láti òkè dé ilẹ̀. Ẹ ó rí fíìmù tó dára jù lọ, olùdarí tó dára jù lọ, òǹkọ̀wé, aṣọ, iná, ohùn, ojú kíkùn. Ẹ kò ní rí “fíìmù tó dára jù lọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì”. Kò sí i, nítorí kò sí ẹni tó rò pé ó yẹ kó wà. Gẹ̀ẹ́sì kò nílò yàrá, òun ló ni ilé. Èdè tí a bá ya igun kan sọ́tọ̀ fún ni àlejò. Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ní Èkó, ìlú tí Ẹ̀yọ̀ ti ń jáde, tí a kò ti lè ra ata lọ́jà láìsọ Yorùbá díẹ̀, ta ló sọ Yorùbá di àlejò?

Títí di ọdún 2023, Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti Swahili ní ìsọ̀rí tiwọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Yàrá ẹ̀yìnkùlé ni, ṣùgbọ́n olúkúlùkù ní ilẹ̀kùn tirẹ̀. Láti ọdún 2024, wọ́n wó ògiri àárín wọn, wọ́n sì pín gbogbo rẹ̀ ní ẹkùn-ẹkùn. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà di ẹyọ kan ṣoṣo. Yorùbá, Haúsá, Ígbò, Twi àti gbogbo èdè mìíràn tí àwọn ará ẹkùn yìí ń sọ wá ń du àga kan náà. Ẹ jẹ́ kí a béèrè lọ́wọ́ ara wa: adájọ́ wo ló gbọ́ gbogbo èdè wọ̀nyí? Kò lè sí. Ohun tí adájọ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa kà ni ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Nítorí náà, àmì ẹ̀yẹ tó ń jẹ́ orúkọ èdè abínibí, Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń díwọ̀n rẹ̀. Bí wọ́n bá sọ pé kí ènìyàn fi ojú dá adùn ọbẹ̀ mọ̀, ṣé kò ní rẹ́rìn-ín?

Ẹ rántí ọdún 2022. Fíìmù Amina, èyí tí Izu Ojukwu darí, ló gba àmì ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù lọ lọ́dún náà. Ìtàn ọbabìnrin Zazzau ni, ìtàn Haúsá pọ́ńbélé, láti ayé àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni ní ààfin Zazzau kò tíì gbọ́ pé orílẹ̀-èdè kan wà tí ń jẹ́ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ọba àti àwọn jagunjagun fi ń bá ara wọn sọ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ wọn. N kò bá àwọn tó ṣe é jà. Ọjà ni wọ́n ń wò, owó tí wọ́n sì ná kì í ṣe kékeré. Ohun tí mo ń tọ́ka sí ni pé, nítorí Gẹ̀ẹ́sì yẹn, kò sí ẹni tó sọ pé kí ọbabìnrin náà gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Ká ní Haúsá ni Amina sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, wọn ì bá ti wá yàrá fún un.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ilé náà fúnra rẹ̀ ya. Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan gba àmì ẹ̀yẹ fíìmù tó dára jù lọ nínú gbogbo fíìmù, ó sì tún gba ti fíìmù tó dára jù lọ ní èdè Yorùbá. Ẹ bá mi rò ó. Bí ẹnìkan bá ti jọba ìlú tán, kí ni yóò tún fi oyè baálẹ̀ àdúgbò ṣe? Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí àwọn tó ni ayẹyẹ náà mọ̀ pé ògiri yìí kò wúlò mọ́. Dípò kí wọ́n wó o, ńṣe ni wọ́n sọ yàrá náà di kékeré sí i lọ́dún tó tẹ̀ lé e.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: “Ṣebí Oscar náà ní irú rẹ̀?” Bẹ́ẹ̀ ni, ó ní. Lọ́dún 2020, fíìmù Parasite ti Bong Joon-ho, tí wọ́n fi èdè Kòríà ṣe, gba ti fíìmù láti ilẹ̀ òkèèrè, ó sì gba ti fíìmù tó dára jù lọ pátápátá, èyí tí fíìmù tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì kò gbà rí. Ṣùgbọ́n Hollywood ni ìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì ni onílé níbẹ̀, Kòríà ni àlejò, yàrá tí wọ́n fún un sì jẹ́ yàrá àlejò gidi tí a tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí. Kò sí ẹ̀gàn nínú kí onílé pèsè yàrá fún àlejò. Ẹ̀gàn ni kí onílé lọ sùn sí yàrá àlejò nínú ilé ara rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ Oscar ti kàn wá yàtọ̀ sí èyí, ó sì dunni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lọ́dún 2019, Nàìjíríà fi Lionheart ti Genevieve Nnaji ránṣẹ́, fíìmù àkọ́kọ́ tí a ó fi ránṣẹ́ sí ìsọ̀rí náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà yọ ọ́ kúrò nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ígbò inú rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. A bínú, a pariwo pé àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì lé wa lọ́wọ́ kọ́ ni yóò tún sọ pé a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Ìbínú náà kò ṣàìní ìdí. Àmọ́ ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Fíìmù Yorùbá mẹ́ta ló wà níwájú ìgbìmọ̀ tó ń yan fíìmù fún wa: Aníkúlápó, Agẹṣinkólé, àti Ẹlẹ́ṣin Ọba. Òfin tí a ní ó há wa mọ́ tẹ́lẹ̀ ti wá dà bí ẹni pé wọ́n ṣe é fún wa. Ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n dìbò, àwọn tó pọ̀ jù sì ní kò sí ọ̀kankan tó yẹ ní fífi ránṣẹ́. Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ náà fi ipò wọn sílẹ̀ nítorí rẹ̀.

Ti Ẹlẹ́ṣin Ọba ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ìlú Ọ̀yọ́ ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní ayé àwọn òyìnbó amúnisìn. Wọlé Ṣóyínká fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ ní eré orí ìtàgé, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 1975, ó sì rìn káàkiri ayé ní Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tó lé ní ogójì ọdún. Bíyìí Bándélé ló gbé e padà wálé, tó fi Yorùbá sí ẹnu Ẹlẹ́ṣin àti Ìyálọ́jà. Bíyìí kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022, kí wọ́n tó fi iṣẹ́ náà han ayé ní Toronto ní oṣù Kẹsàn-án. N kò sọ pé ìkórìíra èdè ló wà lọ́kàn àwọn tó dìbò. Fíìmù náà ní àbùkù tirẹ̀, ènìyàn sì lè fi òótọ́ inú sọ pé kò tó. Ṣùgbọ́n mẹ́ta? Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí ẹyọ kan? Ẹni tí kò bá ka ohun tirẹ̀ sí ohun gidi nílé, báwo ni yóò ṣe gbé e lọ síta?

Ohun tó yani lẹ́nu jù ni pé gbogbo ilé tí à ń pè ní Nollywood yìí, orí èdè abínibí ni wọ́n kọ́ ọ lé. Living in Bondage, fíìmù ọdún 1992 tí àwọn ènìyàn máa ń pè ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, Ígbò ni. Kí ìyẹn tó dé, Ọlá Balógun ti darí Àjàní Ògún lọ́dún 1976, Ògúnǹdé sì ti gbé Aiyé jáde lọ́dún 1979, àwọn ènìyàn sì ń tò lẹ́sẹẹsẹ níwájú ilé sinimá láti wò ó láìsí ẹni tó sọ fún wọn pé ìsọ̀rí ọ̀tọ̀ ni wọ́n wà. Adé Love tó kó ipa ńlá nínú Àjàní Ògún ni bàbá Kúnlé Afọláyan. Adébáyọ̀ Sàlámì, Ọ̀gá Bello wa, ni bàbá Fẹ́mi Adébáyọ̀. Àwọn ọmọ onílé ni wọ̀nyí. Bí AMVCA bá ti wà lọ́dún 1992, inú bọ́ìsì kọ́tà ni wọn ì bá fi Living in Bondage sí, kí wọ́n tó wá fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe ayẹyẹ fún ohun tí Ígbò àti Yorùbá bí.

Ẹnìkan tó mọ iṣẹ́ yìí jù mí lọ ti dá mi lóhùn pé, bí wọ́n bá pa ìsọ̀rí náà rẹ́, àwọn olóòtú eré kéékèèké tí kò ní owó Netflix lẹ́yìn kò ní rí nǹkan kan gbà mọ́. Pé yàrá ẹ̀yìnkùlé sàn ju òde lọ. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, n kò lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ òṣèré ló jẹ́ pé àmì ẹ̀yẹ yẹn ni ayé fi mọ orúkọ wọn. Nítorí náà, n kò ní kí wọ́n pa á rẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kó jẹ́ ohun tí orúkọ rẹ̀ ń pè.

Àmì ẹ̀yẹ fún èdè gbọ́dọ̀ wo èdè. Títí di òní, odidi fíìmù ni wọ́n ń wò nínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń wò ó nínú ìsọ̀rí gbogboogbò. Ta ló kọ ọ̀rọ̀ tí àwọn òṣèré sọ? Ṣé òwe tó wà níbẹ̀ bá ibi tí wọ́n lò ó mu, àbí wọ́n kàn já a lé e bí ìgbà tí a bá da iyọ̀ sọ́bẹ̀? Ṣé ìtàn tó ṣẹlẹ̀ ní Èkìtì ń dún bí Èkìtì, àbí gbogbo ẹnu ló ń sọ Yorùbá Èkó kan náà? Ṣé ọba ń sọ̀rọ̀ bí ọba, ṣé babaláwo mọ ohun tó ń kì? Kí wọ́n wá àwọn tó gbọ́ Yorùbá dénú láti ṣe ìdájọ́ Yorùbá, kí wọ́n wá ti Haúsá fún Haúsá. Ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ ni yóò wúlò fún ẹni tí kò lówó, nítorí ọ̀rọ̀ dídára kì í ná ni ní mílíọ̀nù. AMAA náà ní àmì ẹ̀yẹ fíìmù ní èdè Áfíríkà, ó kéré tán wọ́n fi orúkọ Ousmane Sembène sọ ọ́, ẹni tó fi Wolof ṣe Mandabi lọ́dún 1968 kí àwọn ènìyàn rẹ̀ tí kò gbọ́ Faransé lè gbọ́ òun. Ìyẹn ní ìtumọ̀.

Àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Ta ló so ìrù Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Lísàbí, tó fi ń jẹ́ Lisabi: The Uprising? Ta ló sọ Agẹṣinkólé di King of Thieves, tó sì pe ilé Baṣọ̀run Gáà ní House of Ga'a? Ẹ wo ìwé ìpolówó fíìmù wa lára ògiri, bóyá ẹ ó rí ẹyọ àmì ohùn kan. Kí ayẹyẹ AMVCA tó dé, wọ́n máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún àṣà. Àwọn gbajúmọ̀ a wọ aṣọ òkè, wọ́n á so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́rùn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á sì dúró níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán, wọ́n á máa fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé aṣọ ìyá wọn. Aṣọ nìkan ni àṣà wọn, kò dé ẹnu.

Èyí tí mo wá ń bẹ̀ kò le. Nígbà tí wọ́n bá tún ní kí àwọn olóòtú eré mú iṣẹ́ wọn wá, kí ẹnìkan nínú àwọn ọmọ onílé wọ̀nyí, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti tóbi tó tí kò sí ẹni tó lè fojú fò ó, gbé fíìmù Yorùbá rẹ̀ kalẹ̀ fún ìsọ̀rí fíìmù tó dára jù lọ, fún olùdarí, fún òǹkọ̀wé, fún òṣèré, kí ó sì fi àyè ti èdè abínibí sílẹ̀ lófìfo. Bí wọ́n bá bi í léèrè ìdí, kí ó dáhùn ní Yorùbá. Mo fẹ́ mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣe é.