Ọmọ Tí Kò Ṣípá

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọmọ tó bá ṣípá ni ìyá rẹ̀ ń gbé. Òwe yìí kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ọmọ ọwọ́ tó na apá méjèèjì nígbà tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé, bẹ́ẹ̀ ni ìlò rẹ̀ kò mọ sórí ọmọ ọwọ́, nítorí pé ẹni tó ń wá iṣẹ́, ẹni tó ń wá owó kún òwò, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ̀kọ́ kò yé ni a sábà máa ń pa á fún, kí wọ́n lè mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ ìrànlọ́wọ́ ni yóò kọ́kọ́ fi hàn pé òun ń fẹ́ ẹ. Ohun tí a gbà láìwí nínú òwe náà ni pé gbogbo ọmọ ló mọ apá á ṣí, àti pé ọ̀nà kan ṣoṣo ni a fi ń ṣí i. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le, nítorí àwọn ọmọ kan wà tí a kì í rí kí wọ́n na apá, bẹ́ẹ̀ ìfẹ́ pé kí a gbé wọn wà nínú wọn.

Ní ọdún 1943, Leo Kanner, oníṣègùn ọpọlọ fún àwọn ọmọdé ní ilé ìwòsàn Johns Hopkins ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, kọ àpilẹ̀kọ kan nípa ọmọ 11, ọkùnrin 8 àti obìnrin 3, tí ìwà wọn jọra lọ́nà tí ìwé ìṣègùn kò tíì fún ní orúkọ. Ó kọ ọ́ pé gbogbo ìyá àwọn ọmọ wọ̀nyí, àfi díẹ̀, ló rántí bí ó ti yà wọ́n lẹ́nu tó pé ọmọ wọn kì í múra sílẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ tó pé oṣù 4 ti máa ń ṣe èyí. Ohun kan náà tí àwọn àgbà fi pa òwe ni ó wá di àmì nínú ìwé oníṣègùn.

Ọ́tísímù ni orúkọ tí a ń pe ipò náà lónìí. Kì í ṣe àrùn tí ènìyàn ń kó lára ẹlòmíràn, kì í sì í ṣe wèrè. Ìdàgbàsókè ọpọlọ ni ó gba ọ̀nà mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé ọmọ náà, tó fi jẹ́ pé ìbánisọ̀rọ̀ àti ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú ènìyàn nira fún un, tí ó ń fẹ́ kí nǹkan máa rí bákan náà lójoojúmọ́, tí ìró, ìmọ́lẹ̀, òórùn tàbí aṣọ tó kan ara sì lè dà á láàmú ju bí ó ti ń da ẹlòmíràn láàmú lọ. Ìwádìí tí Lorna Wing àti Judith Gould ṣe ní Camberwell ní London, tí wọ́n gbé jáde ní 1979, fi hàn pé ipò yìí gbòòrò ju bí Kanner ti là á sílẹ̀ lọ, lónìí a sì mọ̀ pé ẹnìkan lè wà nínú rẹ̀ tí kò ní sọ̀rọ̀ títí ayé, kí ẹlòmíràn sì wà tó ń kọ́ni ní yunifásítì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2021, nǹkan bí ẹni 1 nínú 127 ló wà ní ipò náà lágbàáyé.

Ní àwùjọ Yorùbá, ó rọrùn láti ṣi àwọn àmì wọ̀nyí kà, nítorí pé ìkíni ni a fi ń wọn ọmọ. Ọmọ tó jí tí kò dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀, tí àlejò wọlé tí kò ní ‘ẹ káàbọ̀’, tó fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni a ó pè é, ẹ̀gàn náà a sì bọ́ sórí ìyá tó bí i. Kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni kọ́kọ́ rò ó pé ọmọ náà lè máà mọ̀ pé ìkíni ni à ń retí, tàbí pé ariwo inú yàrá ti kún etí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè ya ohùn ẹnìkan sọ́tọ̀. Ti ojú tún yàtọ̀: a gbà pé ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n a tún ń kọ́ ọmọ pé kò gbọdọ̀ ranjú mọ́ àgbà, nítorí náà ọmọ tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni, kódà ojú ìyá tó ń fún un lọ́mú, lè dàgbà kí a tó fura, tí a ó sì ti máa yìn ín pé ó nítìjú. Bí ọ̀rọ̀ kò bá tíì yọ lẹ́nu rẹ̀, ìyá àgbà a ní bàbá rẹ̀ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ìtùnú ni, ó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, àmọ́ àwọn ọdún tí a fi dúró wọ̀nyẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ ì bá ti ṣe ọmọ náà láǹfààní jù. Àwọn olùwádìí Muideen Bakare àti Kerim Munir kọ ọ́ ní 2011 pé lára àwọn ọmọ tí wọ́n ń gbé wá sí ilé ìwòsàn nítorí ọ́tísímù ní Áfíríkà, àwọn tí kò sọ̀rọ̀ rárá ló pọ̀ jù, ó sì jọ pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ̀rọ̀ wà nílé, tí wọ́n ń jẹ pàṣán nítorí ohun tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ìyá ni ẹ̀bi máa ń kọ́kọ́ bá. Wọ́n á ní ó rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tó wà nínú oyún tí ẹ̀mí àìrí fi pààrọ̀ ọmọ inú rẹ̀, tàbí kí wọ́n ní ó fi ọmọ jẹun lẹ́gbẹ́ àjẹ́. Kò yẹ kí a rò pé àwa nìkan ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní Amẹ́ríkà, Bruno Bettelheim kọ odindi ìwé ní 1967 láti fi kọ́ni pé àìnífẹ̀ẹ́ òbí ló ń sọ ọmọ di bẹ́ẹ̀, Kanner fúnra rẹ̀ sì ti sọ ohun tó jọ ọ́ ṣáájú kí ó tó dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn òbí ní 1969 láti dá wọn láre. Àwọn ìbejì ló tú àṣírí náà: nígbà tí Susan Folstein àti Michael Rutter yẹ méjì-méjì 21 wò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1977, àwọn méjèèjì ló ní ọ́tísímù nínú 4 lára 11 tí wọ́n jọra bí ẹyọ kan, kò sì sí ọ̀kan ṣoṣo bẹ́ẹ̀ nínú 10 yòókù, èyí tó fi hàn pé ohun àjogúnbá inú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ nínú rẹ̀ púpọ̀. Ẹ̀gàn tí àwọn ìyá náà ti jẹ kò ṣeé dá padà.

Ẹlẹ́rìí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá òwe yìí mu jù ni Temple Grandin, tó ní ọ́tísímù fúnra rẹ̀, tí wọ́n bí ní Boston ní 1947, tí kò sọ̀rọ̀ títí ó fi lé ní ọdún 3, tó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ ẹran ọ̀sìn ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Colorado. Ó ṣàlàyé pé ní kékeré, ara òun ń fẹ́ kí wọ́n dì mọ́ òun, síbẹ̀ bí ẹnìkan bá dì mọ́ òun, ara òun kò lè gbà á. Nígbà tó di ọ̀dọ́langba, ó rí ohun èlò tí wọ́n fi ń há màlúù mọ́ ní oko àǹtí rẹ̀ ní Arizona kí wọ́n lè gún un lábẹ́rẹ́, ó kíyè sí i pé ara àwọn màlúù kan máa ń rọlẹ̀ níbẹ̀, ó sì kan irú rẹ̀ fún ara rẹ̀, kí ó lè fúnra rẹ̀ pinnu bí yóò ti fún òun mọ́ra tó. Ó fẹ́ gbígbé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí àwọn ènìyàn mọ̀ láti gbé e ni kò bá a lára mu.

Bí a bá wo òwe náà láti ibẹ̀, a ó rí i pé ìṣípá pọ̀ ju bí ojú ti mọ̀ ọ́n lọ. Ọmọ tí kò lè sọ pé òùngbẹ ń gbẹ òun a fa ọwọ́ ìyá rẹ̀ lọ sí ìdí àmù, bí ẹni pé ọwọ́ ìyá ni irinṣẹ́ òun. Ọmọ mìíràn ń tún gbólóhùn ìpolówó ọjà inú tẹlifíṣàn sọ títí, a sì rò pé ìsọkúsọ ni, nígbà tó lè jẹ́ pé ọjọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ ni wọ́n fún un ní bisikíìtì, òun ló sì ń bèèrè. Ọmọ tó ń fi orí lu ògiri lè máa sọ nípa etí tó ń dùn ún. Àwọn olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yìí a máa fi àwòrán lé ọmọ lọ́wọ́, kí ó lè na àwòrán omi sí ẹni tó bá fẹ́ kó bu omi fún òun. Gbogbo wọn ló ṣípá.

Òwe náà kan àwọn òbí pẹ̀lú. Òbí tó ti ọmọ mọ́ yàrá nígbà tí àlejò bá dé kò na apá sí ẹnikẹ́ni, ìtìjú rẹ̀ sì yéni, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn òbí tó jáde síta ti ṣe kò kéré: Lorna Wing, tí ọmọbìnrin tirẹ̀ wà ní ipò yìí, wà lára àwọn òbí tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní London ní 1962, láti ọwọ́ wọn sì ni ilé-ìwé fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ti wá. Ọmọ àkọ́kọ́ nínú àpilẹ̀kọ Kanner, Donald Triplett, tí àwọn òbí rẹ̀ ti kọ́kọ́ fi sí ilé ìtọ́jú ọmọ kí wọ́n tó mú un padà wálé, ṣiṣẹ́ ní bánkì ìlú Forest ní Mississippi fún ọ̀pọ̀ ọdún láàárín àwọn ará ìlú tó mọ̀ ọ́n tí wọ́n sì gbà á, ó sì kú ní 2023 ní ẹni ọdún 89. Ìdílé rẹ̀ ní ìpín nínú bánkì náà, ọrọ̀ wọn sì ṣí ìlẹ̀kùn fún un, nítorí náà kò tọ́ kí a fi ìrọ̀rùn rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n fún ọmọ alágbàṣe.

Ọmọ alágbàṣe ni òfin wà fún. Òfin tó lòdì sí ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara, tí Muhammadu Buhari, Ààrẹ Nàìjíríà nígbà náà, buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2019, fún wọn ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé ìparí girama, ó sì pàṣẹ pé ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú wọn gbọ́dọ̀ wà ní ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ni ó yẹ kí àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé níbẹ̀ ni ìyá tí kò lówó ilé-ìwé aládàáni yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ, bí kò bá sì bá ẹni tó lè ka ìṣípá ọmọ náà níbẹ̀, ilé ni yóò mú un padà sí.