Ẹ Jẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Gun Kẹ̀kẹ́ Lọ sí Kírìjì

 

Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin àgbà mọ́sáláṣí, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-kéwú, mo ní ọ̀rọ̀ kan láti bá yín sọ lọ́dún yìí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan yóò fi rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà ni pé kí ilé-ẹ̀kọ́ wa mú àwọn ọmọ kíláàsì àgbà, kí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ ológeere, kí wọ́n gba ọ̀nà eléruku láti Ìkìrun lọ sí Ìgbájọ, kí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí wọ́n ti ja ogun Kírìjì. Mo mọ̀ pé bọ́ọ̀sì yára. Síbẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni mo wí.

Ẹni tí ó bá ti dàgbà díẹ̀ láàrin wa mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun ìṣeré láyé àtijọ́. Raleigh ni tíṣà ń gùn lọ sí ilé-ìwé. Òun ni wolé-wolé ń gùn wọ abúlé tí àwọn ìyá wa fi ń sáré lọ bo àmù omi. Òun náà ni ọ̀pọ̀ àáfà wa ń gùn, tí wọn yóò di ìwé kéwú mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tí wọn yóò ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò sókè kí ṣéènì má baà gbá a mú, tí wọn yóò sì gba ọ̀nà oko lọ ṣe wáàsí níbi tí mọ́tò kò lè dé. Alùpùpù ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n lóde òní, àwọn òyìnbó tí ó ní mọ́tò nílé ti fi ẹsẹ̀ ara wọn padà sórí ọ̀nà eléruku. Wọ́n ṣe kẹ̀kẹ́ kan nítorí òkúta wẹẹrẹ nìkan. Táyà rẹ̀ nípọn ju ti kẹ̀kẹ́ eré-ìje lọ, kò sì wúwo bíi ti èyí tí wọ́n fi ń gun orí àpáta. Ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà, láti 2006 ni wọ́n ti ń fi kẹ̀kẹ́ sá eré-ìje máìlì 200 lórí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Àwọn àáfà wa ìjọ́sí ì bá rẹ́rìn-ín bí wọ́n bá gbọ́ pé ènìyàn ń sanwó kí ó tó lè jẹ irú ìyà yẹn.

Àwọn òyìnbó náà a máa gun kẹ̀kẹ́ gba ojú ogun kọjá. Ní 1919, kò tí ì pé ọdún kan tí ogun àgbáyé kìíní parí, ìwé-ìròyìn kan ní ìlú Paris ṣe eré-ìje kẹ̀kẹ́ kan tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà 2,000, láti Strasbourg gba ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù àti àríwá Faransé, lórí ilẹ̀ tí ìbọn ńlá ti fọ́ yángá. Ní ọdún kan náà ni àwọn tí ó lọ wo ọ̀nà eré-ìje Paris sí Roubaix bá a tí igi ti jó tán, tí ilẹ̀ ti di kòtò, ni wọ́n bá sọ ibẹ̀ ní Ọ̀run Àpáàdì ti Àríwá. Títí di òní ni wọ́n fi ń pe eré-ìje náà bẹ́ẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ó bá ń wo eré-ìje yẹn, bí ó bá béèrè ìdí orúkọ náà, ìtàn ogun ni wọn yóò sọ fún un.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ọmọ tiwa yóò rí. Ní Ìkìrun, kí wọ́n kọ́kọ́ mú un dé odò Ọ̀tìn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 1878, Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó ogun Ìbàdàn dé láti gba Ìkìrun lọ́wọ́ àwọn ọmọ-ogun Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá. Ìbàdàn ṣẹ́gun. Àwọn ọmọ-ogun Ìlọrin tí ń sá lọ já lu odò tí ó kún, omi sì gbé ọ̀pọ̀ wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Olùkọ́ lè kọ èyí sí ojú pátákó kí ọmọ dà á kọ, kí ó sì gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò. Ẹni tí ó bá dúró létí omi náà kò ní tètè gbàgbé.

Láti ibẹ̀ ó di òkè gígùn. Títì ọlọ́dà wà, èmi kò bá a jà, ṣùgbọ́n lórí ọ̀dà, ọkọ̀ akẹ́rù ni yóò máa lé ọmọ sínú igbó. Ọ̀nà àárín oko ni mo fẹ́, ọ̀nà yangí àti yanrìn pupa, níbi tí ènìyàn ti lè kí àgbẹ̀ kí àgbẹ̀ sì dáhùn. Ẹni tí ó jókòó sínú bọ́ọ̀sì kò ní mọ̀ pé ilẹ̀ ń ga. Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ yóò mọ̀ ọ́n nínú itan rẹ̀. Nígbà tí ó bá fi máa dé Ìgbájọ lórí òkè, tí ó bojú wo apá Ìmẹ̀sí-Ilé, tí ó rí bí òkè ṣe tò lé ara wọn, ọ̀rọ̀ tí kò yé e nínú ìwé yóò yé e: bí ogun méjì ṣe lè dojú kọ ara wọn fún ọdún púpọ̀ láìsí èyí tí ó lè lé èkejì kúrò. Apá Ìgbájọ ni Ìbàdàn dó sí, apá Ìmẹ̀sí-Ilé ni Èkìtìparapọ̀ dó sí. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí ó wà ní Èkó fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sílé, ìbọn tí wọ́n ń ti ẹ̀yìn kì, tí kì í ṣe ti ẹnu bíi ṣakabùlà. Bí ó bá dún, òkè á gba ohùn rẹ̀, á jù ú sí òkè kejì: kí-rì-jì. Kí wọ́n jẹ́ kí àwọn ọmọ pariwo níbẹ̀, kí wọ́n gbọ́ bí ohùn tiwọn náà yóò ṣe padà.

Kí ló fa ìjà? Àjẹ́lẹ̀ ni. Àwọn aṣojú tí Ìbàdàn fi sí ìlú Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ń kó ohun-ìní ènìyàn, wọ́n ń fi ọwọ́ kan aya ènìyàn. Ní 1878, Fábùnmi ará Òkè-Mẹ̀sí pa àjẹ́lẹ̀ ìlú rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ bá di ti gbogbo ayé. Ọ̀gèdèngbé ará Iléṣà, tí ó ti kọ́ iṣẹ́ ogun lọ́dọ̀ àwọn ará Ìbàdàn fúnra wọn, ló wá di olórí ogun Èkìtìparapọ̀.

Mo ti gbọ́ tí ẹnì kan nínú mọ́sáláṣí wa wí pé ogun àwọn abọ̀rìṣà ni, pé kò kan ilé-kéwú. N kò gbà. Mọ́mọ́dù Látòósà, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò tí ó kó ogun Ìbàdàn lọ, Mùsùlùmí ni, inú àgọ́ ogun yẹn náà ló kú sí ní 1885. Ìlọrin tí ó ń bá Ìbàdàn jà láti apá kejì, ìlú Mùsùlùmí ni. Mùsùlùmí ń kì ìbọn sí Mùsùlùmí. Nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè pe ogun yìí ní jìháàdì, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè ní kò kàn wá. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni, ọ̀rọ̀ ẹrú ni, àti ọ̀rọ̀ ta ni yóò di ọ̀nà òkun mú. Èmi kò sì rí ìdí tí a ó fi máa gbèjà Látòósà nítorí pé ó ń kírun. Ọwọ́ rẹ̀ le. Òun ló dìtẹ̀ mọ́ Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní 1874 títí obìnrin náà fi kú. Ohun tí àwọn àjẹ́lẹ̀ ṣe, àbòsí ni, Ọlọ́hun kò sì fẹ́ràn alábòsí, ì báà wé láwàní.

Kí a tún sọ òtítọ́ tí ó kù. Àwọn tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀ láàrin àgọ́ méjèèjì títí tí wọ́n fi fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ní ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹsàn-án 1886, àlùfáà ìjọ onígbàgbọ́ ni wọ́n, Samuel Johnson àti Charles Phillips. Ìyìn tiwọn ni. Ìwé àdéhùn náà dá Èkìtìparapọ̀ sílẹ̀ lómìnira. Ó fi Ọ̀tan, Ìrẹ̀sì, Àdá àti Ìgbájọ sílẹ̀ fún Ìbàdàn, ó sì gba ará ìlú wọ̀nyí tí kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀ láyè kí ó kó lọ. Síbẹ̀, ọdún méje gbáko ni àgọ́ méjèèjì tún fi ń wo ara wọn, títí Gómìnà Carter fi ti Èkó wá tú wọn ká ní 1893.

Àwọn tí ó ti lọ sí Hájì láàrin wa, ẹ dá mi lóhùn. Nígbà tí ẹ dé Mọ̀dínà, ṣé wọn kò gbé yín lọ sí òkè Uhud? Ṣé wọn kò fi òkè kékeré tí àwọn tafàtafà fi sílẹ̀ hàn yín? Ànábì fúnra rẹ̀ padà lọ sí ibojì àwọn tí ó kú níbẹ̀, ó sì ṣe àdúà fún wọn. Mo mọ̀ pé ṣàhídì ni ti Uhud, ti Kírìjì kò sì rí bẹ́ẹ̀. N kò fi wọ́n wé ara wọn. Ohun tí mo ń wí ni pé fífi ẹsẹ̀ dé ojú ogun láti kọ́ ẹ̀kọ́ kì í ṣe àṣà àjèjì nínú ẹ̀sìn wa. Àlùkùránì pa á láṣẹ ní ọ̀pọ̀ ibi pé kí á rìn lórí ilẹ̀ kí á wo àtubọ̀tán àwọn tí ó ṣíwájú.

Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù nìyí. Ìwé àdéhùn 1886 náà sọ pé kí wọ́n kó Modákẹ́kẹ́ kúrò níbi tí ó wà. Ọ̀rọ̀ yẹn kò tán nínú ìwé. Láti 1997 dé 2000, Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tún pa ara wọn, wọ́n jó ilé ara wọn, àwọn tí ó gbé ìbọn kò sì tí ì wáyé nígbà Látòósà, bàbá wọn gan-an kò tí ì wáyé. Níbo ni wọ́n ti gbọ́ ìtàn? Lẹ́nu ẹni tí ó fẹ́ kí wọ́n jà ni. Bí àwa kò bá sọ ìtàn fún ọmọ, ẹlòmíràn yóò sọ ọ́ fún un, yóò sì sọ apá kan. Lórí kẹ̀kẹ́, ọmọ yóò kí ìrun Àyìlá ní Ìgbájọ, kí ó gbọ́ bí àwọn àgbà ibẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Yóò kí Àlásárì ní Ìmẹ̀sí-Ilé, kí ó gbọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ níhìn-ín. Ìtàn méjèèjì kò ní bára mu. Kí ó gbé méjèèjì wálé, kí ó bi bàbá rẹ̀ léèrè.

Ní ti àwọn ọmọbìnrin, mo fẹ́ kí wọ́n lọ. Ànábì bá ìyàwó rẹ̀ Aisha sáré ìje, obìnrin náà sì borí rẹ̀ nígbà kan. Kẹ̀kẹ́ obìnrin tí kò ní irin lágbede-méjì wà, ṣòkòtò tí ó fẹ̀ wà, híjáàbù kò dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Kí olùkọ́ obìnrin wà pẹ̀lú wọn.

Ẹ̀rù ajínigbé tí àwọn ìyá yóò kọ́kọ́ dárúkọ, n kò ní fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Kí ilé-ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí àwọn ọba ìlú wọ̀nyí ṣáájú, kí ọlọ́pàá mọ̀, kí ọmọ ìlú tí ó mọ ọ̀nà oko ṣáájú. Bí wọ́n bá ní ọ̀nà kò dára lọ́dún yìí, kí á dúró di ọdún tí ń bọ̀. Ọmọ méjìlá tó fún ìgbà àkọ́kọ́, olùkọ́ mẹ́ta, àti fọganáísà kan tí ó mọ kẹ̀kẹ́ tún ṣe. Akoto lórí olúkúlùkù, omi nínú ike. Lẹ́yìn òjò, kí ọyẹ́ tó mú, ni àkókò rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ tí eruku kò sì tí ì pọ̀ jù.

Kẹ̀kẹ́ tuntun kò pọn dandan. Ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò wa ló ní Raleigh bàbá àgbà tí ó fẹ̀yìn ti ògiri ẹ̀yìnkùlé, tí adìyẹ ń sùn lórí rẹ̀. Ẹ má tà á fún oníṣòwò irin. Ẹ gbé e wá sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ ìpàdé òbí, fọganáísà yóò wò ó, yóò sì sọ fún yín bóyá táyà nìkan ló ń fẹ́.