Ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù Lórí Kọ̀ǹpútà Ilé Wa

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lóṣù yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn oníkọ̀ǹpútà nìkan, ṣùgbọ́n ó kan àpò wa, ó kan ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa, ó sì kan owó tí a fi pa mọ́ sí báńkì.

Gbogbo wa la mọ ìtàn Dáfídì àti Gòláyátì nínú Sámúẹ́lì Kìn-ín-ní orí 17. Kí Dáfídì tó jáde, Sọ́ọ̀lù gbé ìhámọ́ra tirẹ̀ wọ̀ ọ́: àṣíborí idẹ, ẹ̀wù irin, pẹ̀lú idà. Ohun tó dára ni wọ́n, ohun ọba ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Dáfídì kò lè fi wọ́n rìn, nítorí kò tí ì dán wọn wò rí. Ó bọ́ wọn sílẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀, kànnàkànnà rẹ̀ àti òkúta márùn-ún. Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn yìí sọ́kàn.

Bráúsà ni ètò tí a fi ń ṣí ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Chrome, Firefox àti Edge wà lára wọn. Àwọn ohun kéékèèké wà tí a lè fi kún bráúsà, tí àwọn ọmọ ń pè ní extension. Àwa yóò máa pè é ní àfikún. Òmíràn ń tún Gẹ̀ẹ́sì wa ṣe, òmíràn ń túmọ̀ èdè, òmíràn ń dí ìpolówó ọjà. Ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, kì í sì í pẹ́ tí wọ́n fi ń wọlé. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

ẸRÙ TÍ A KÒ RÍ

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé kan ní ìlú Ara, tí ó ní kọ̀ǹpútà tòkúnbọ̀ kan ṣoṣo, tí mẹ́mórì rẹ̀ jẹ́ gígábáìtì 4. Ọmọ tí ń múra ìdánwò JAMB ń lò ó. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó wà ní ọgbà UNIOSUN ní Èjìgbò ń lò ó nígbà tí ó bá wálé. Bàbá fi ń ka àwọn ojú ewé Faransé tí àwọn ẹbí ní Abidjan ní kí ó wò. Oníkálukú fi àfikún tirẹ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: kí ọdún tó parí, wọ́n ti di méjìlá.

Windows fúnra rẹ̀ ti gba púpọ̀ nínú mẹ́mórì kí bráúsà tó ṣí. Àfikún tí a bá sì gbà láàyè láti ka gbogbo ojú ewé yóò máa ti ọwọ́ bọ gbogbo ojú ewé tí a bá ṣí. Àwọn mìíràn ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀ bí a kò tilẹ̀ pè wọ́n. Nígbà tí mẹ́mórì bá kún, kọ̀ǹpútà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lo dísìkì dípò rẹ̀, bẹ́ẹ̀ dísìkì lọ́ra ju mẹ́mórì lọ púpọ̀púpọ̀. Ojú ewé yóò dúró gbọin, fáànù yóò máa pariwo, bátìrì yóò tètè tán. A ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò dára, tàbí kí a máa wá owó kọ̀ǹpútà tuntun, nígbà tí ó jẹ́ pé ẹrù ló wọ ẹni tó gbé e lọ́rùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àfikún ni ẹrù. Adènà ìpolówó ń gba mẹ́mórì díẹ̀, síbẹ̀ nítorí pé kì í jẹ́ kí àwòrán àti fídíò ìpolówó wọlé, ojú ewé sábà máa ń tètè ṣí, dátà wa kì í sì í tètè tán. uBlock Origin, tí Raymond Hill gbé jáde ní 2014, jẹ́ ọ̀kan tí a mọ̀ dáadáa. Láti 2024 ni Google ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú irú rẹ̀ àtijọ́ kúrò lórí Chrome. uBlock Origin Lite ni ti Chrome, àkọ́kọ́ sì wà fún Firefox. Ní ti ìtumọ̀ èdè, Chrome fúnra rẹ̀ ti ń túmọ̀ ojú ewé láti 2010. Bàbá kò nílò àfikún kankan kí ó tó lè ka Faransé ará Abidjan.

TA NI A GBÀ SÍLÉ?

Ọ̀rọ̀ yìí ju ti ìlọ́ra lọ. Àfikún kan wà tí ń jẹ́ The Great Suspender. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ojú ewé tí a kò lò sùn, kí mẹ́mórì lè rójú. Ó ju mílíọ̀nù kan ènìyàn tí ń lò ó. Ní 2020, ẹni tí ó ni ín tà á fún ẹlòmíràn. Ní oṣù kejì 2021, Google yọ ọ́ kúrò nítorí pé ohun búburú ti wà nínú rẹ̀. Bákan náà, ní àsìkò Kérésìmesì 2024, àwọn ọ̀daràn fi lẹ́tà ẹ̀tàn mú òṣìṣẹ́ Cyberhaven kan, wọ́n sì fi ayédèrú rọ́pò àfikún ilé iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ ààbò ni Cyberhaven ń ṣe o! Àtúnṣe tuntun máa ń wọlé fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹni rere tí a gbà sílé lánàá lè ti di ẹlòmíràn lónìí.

Nígbà tí ìjọba Ọ̀ṣun pín Ọpọ́n Ìmọ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 2013, àgbà ló ṣa ìwé àti ìbéèrè ìdánwò tí ó wà nínú rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà ilé wa, ta ni ń ṣà? Iṣẹ́ òbí ni.

OHUN TÍ A LÈ ṢE

1. Ẹ pe àwọn ọmọ jọ, kí ẹ ṣí ibi tí a kọ Extensions sí nínú bráúsà. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò bá lè sọ iṣẹ́ rẹ̀, ẹ yọ ọ́.

2. Lórí Chrome ti Windows, ẹ tẹ Shift pẹ̀lú Esc. Ẹ ó rí iye mẹ́mórì tí àfikún kọ̀ọ̀kan tí ń ṣiṣẹ́ ń jẹ.

3. Ẹ ṣí ojú ewé kan náà nínú fèrèsé Incognito, níbi tí àfikún kì í ti ṣiṣẹ́ àfi bí a bá gbà á láàyè. Bí ó bá yá níbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ fura sí àwọn àfikún.

4. Ẹ ka ohun tí ó ń tọrọ kí ẹ tó gbà. Kí ni àfikún tí ń yí àwọ̀ ojú ewé padà ń wá nínú ojú ewé báńkì?

5. Ẹ ya bráúsà kan sọ́tọ̀, láìní àfikún kankan, fún owó ilé àti owó ìjọ.

Ẹ̀yin ará, Dáfídì kò fi ọwọ́ lásán lọ sójú ogun. Ohun tí ó ti dán wò ni ó mú lọ, ìyẹn sì tó o. Kí Olúwa fún wa ní ẹ̀mí ìmòye láti mọ èyí tí a ó gbé wọ̀ àti èyí tí a ó bọ́ sílẹ̀, ní ilé wa àti ní ọkàn wa, ní orúkọ Jésù. Àmín.