Ìwé Ìlú Ìnira Lọ́wọ́ Àwọn Ọ̀dọ́: Kí Ni Ó Ń Ba Àwọn Àgbà Lẹ́rù?

Ẹ̀sùn kan kò kúrò lẹ́nu àwọn àgbà nípa àwọn ọ̀dọ́ tí ó ṣì ń kàwé. Wọ́n ní ìwé tí ó kún fún ìnilára, ebi àti ikú ni àwọn ọmọ ń gbé kiri. Wọ́n ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ba ọkàn ọmọ jẹ́, ó ń sọ ọ́ di ẹni tí kò nírètí, ó sì ń kọ́ ọ láti máa wo ìjọba bí ọ̀tá. Ohun tí wọ́n ń sọ ni irú ìtàn àròsọ tí Òyìnbó ń pè ní dystopia, ìtàn ìlú ìnira: ìlú tí àwọn aláṣẹ ti sọ di ọgbà ẹ̀wọ̀n, tí wọ́n fi òfin de ahọ́n ará ìlú, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Ohun tí ó tún ń bí àwọn àgbà wọ̀nyí nínú ju ìwé náà lọ ni pé àwọn ọmọ kì í dá a kà. Bí ọ̀kan bá ti kà á tán, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ títí yóò fi fi lé ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Wọn yóò máa jiyàn lórí rẹ̀ nínú ọkọ̀, nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ àti lórí fóònù, bí àwọn mìíràn ṣe ń jiyàn lórí bọ́ọ̀lù.

Ẹ̀sùn náà kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó ń fi í kan àwọn ọmọ kò ka ìwé náà rí, wọ́n sì ti gbàgbé ìgbà èwe tiwọn. Ta ni nínú wọn tí a kò pa àlọ́ ọba tí ó ní ìwo lórí fún? Onígbàjámọ̀ ọba nìkan ni ó mọ àṣírí náà, ọba sì ti fi ikú halẹ̀ mọ́ ọn bí ó bá sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ wú u nínú títí, ó lọ gbẹ́ ihò sínú igbó, ó sọ ọ́ sínú ilẹ̀, ó sì bò ó. Igi hù níbẹ̀. Ẹnì kan gé e, ó fi ṣe fèrè, fèrè sì ń kọ ọ́ lórin káàkiri ìlú pé ìwo wà lórí ọba. Ìtàn ìjọba tí ó ń fi ikú di ẹnu ẹni tí ó mọ òótọ́ nìyẹn, ọmọdé tí kò tíì ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ ni a sì ń pa á fún. A kì í sì í pa á fún ọmọ kan ṣoṣo. Agbo ni wọ́n máa ń jókòó sí, tí gbogbo wọn yóò sì máa gbe orin rẹ̀. Kò sí ìyá kan tí ó sọ nígbà náà pé àlọ́ ọba oníwo ba ọkàn ọmọ òun jẹ́.

Nínú àwọn ìwé ìlú ìnira ti òde òní, èyí tí ó gbajúmọ̀ jù láàrin àwọn ọ̀dọ́ ni The Hunger Games, tí Suzanne Collins ọmọ Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 2008. Ní orílẹ̀-èdè Panem, agbègbè 12 ni ó ń ṣiṣẹ́ kí olú-ìlú lè máa jẹ àjẹyó. Lọ́dọọdún, agbègbè kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ọmọkùnrin kan àti ọmọbìnrin kan sílẹ̀, láti ẹni ọdún 12 sí 18. Àwọn ọmọ 24 náà yóò máa pa ara wọn títí yóò fi ku ẹyọ kan, gbogbo ìlú yóò sì máa wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n tipátipá. Ibi tí àwọn àgbà tí wọ́n ń bínú máa ń mọ̀ nípa ìwé náà kò ju ìpànìyàn yìí lọ. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkà.

Ìbò ni a fi ń mú àwọn ọmọ náà, ó sì dà bí ẹni pé ìbò kò mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ebi ń pa nílé wọn lè gba ọkà àti òróró lọ́wọ́ ìjọba bí ó bá gbà kí a kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìbò náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí àwọn tí ó ń bọ́ bá ti pọ̀ tó ni orúkọ rẹ̀ yóò ṣe máa pọ̀ tó. Nígbà tí ìtàn náà bẹ̀rẹ̀, orúkọ Katniss, ọmọ ọdún 16, ti wà níbẹ̀ ní ìgbà 20. Ti Gale ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ìgbà 42. Ọmọ tí ó bá lóye ibi yìí ti mọ bí òfin tí ó dọ́gba lórí ìwé ṣe ń mú tálákà nìkan. Ọmọ Nàìjíríà tí ó bá sì ti rí ibi tí a ti ń pín ìrẹsì nígbà ìdìbò rí kò nílò olùkọ́ tí yóò túmọ̀ rẹ̀ fún un.

Ohun tí irú òye bẹ́ẹ̀ lè dà hàn gbangba ní Thailand. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún ọdún 2014, àwọn ológun lábẹ́ Ọ̀gágun Prayuth Chan-ocha gba ìjọba níbẹ̀. Wọ́n pàṣẹ pé ènìyàn márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kò gbọ́dọ̀ péjọ fún ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Àwọn ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka mẹ́ta sókè láìsọ ọ̀rọ̀ kan, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará agbègbè Katniss ti ń ṣe. Nínú ìwé náà, ìka mẹ́ta jẹ́ ìdúpẹ́, ó jẹ́ ìbọ̀wọ̀ fúnni, ó sì jẹ́ ìdágbére fún ẹni tí a fẹ́ràn. Àwọn mìíràn jókòó síta gbangba, wọ́n ń ka 1984 ti George Orwell jẹ́ẹ́jẹ́. Ìjọba ológun kéde pé àwọn yóò mú ẹni tí ó bá ń nàka. Nínú oṣù Kọkànlá ọdún náà, akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún dìde níwájú Prayuth fúnra rẹ̀ ní Khon Kaen, wọ́n na ìka mẹ́ta, a sì kó wọn lọ. Ilé sinimá ní Bangkok fagi lé fíìmù tí a fi apá kan ìtàn náà ṣe. Ní 2020, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ wọn, ń na ìka náà nígbà tí a ń kọ orin orílẹ̀-èdè láàárọ̀. Nígbà tí àwọn ológun Myanmar náà gba ìjọba ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 2021, àmì náà ti kọjá ẹnubodè. Ní ọjọ́ 26 oṣù yẹn, Kyaw Moe Tun, aṣojú Myanmar ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, na ìka mẹ́ta níwájú gbogbo ayé.

Ìka mẹ́ta kì í ṣe nǹkan kan lójú ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀. Ó di àmì nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ ti bá ara wọn sọ ọ́: ẹnì kan kà á, ó fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ẹni yẹn sọ ọ́ fún ẹni tí kò kàwé ṣùgbọ́n tí ó wo fíìmù, títí ó fi di èdè tí gbogbo wọn gbọ́. Ẹnì kan ṣoṣo tí ó ń ka 1984 nínú yàrá rẹ̀ kò yọ ológun kankan lẹ́nu. Àwọn tí ó kà á tí wọ́n sì mọ ara wọn ni ìjọba ń wá kiri. Nítorí náà, ariwo tí àwọn àgbà ń pè ní àṣejù, ìyẹn pípín ìwé, jíjiyàn àti fífi orúkọ ẹni inú ìtàn pe ara ẹni, òun gan-an ni iṣẹ́ náà.

Kò sí ẹni tí ó gbọ́dọ̀ tan àwọn ọmọ jẹ pé ìwé ń dá ìbọn dúró. Prayuth wà lórí àga títí di 2023. Ní Myanmar, àwọn ológun yìnbọn pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jáde. Ẹni tí ó bá rò pé kíka ìwé tó, kí a kàn na ìka lórí fóònù kí a sì lọ sùn, kò ka ìwé náà dé ìparí. Òtítọ́ sì ni pé àwọn òǹtàwé ti rí ọjà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Divergent ti Veronica Roth, tí ó jáde ní 2011, fi àkókò púpọ̀ fún ìfẹ́ ọ̀dọ́mọbìnrin àti ọ̀dọ́mọkùnrin débi pé ìjọba inú rẹ̀ fẹ́ dà bí aṣọ tí a ta sẹ́yìn ìran lásán. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ka mẹ́ta nínú irú ìwé yìí tí ó sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jiyàn lórí wọn ni yóò mọ èyí tí ó fúyẹ́ àti èyí tí ó wúwo. Ẹni tí a gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n.

Amẹ́ríkà, níbi tí a ti kọ púpọ̀ nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, ni gbígba ìwé lọ́wọ́ ọmọ ti di iṣẹ́ òòjọ́. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkówèésí ibẹ̀ fi The Hunger Games sára ìwé mẹ́wàá tí àwọn ènìyàn takò jù ní 2010, ní 2011 àti ní 2013. Àjọ PEN America ka ìgbà 10,046 tí a yọ ìwé kúrò nílẹ̀ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba láàrin sáà ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024 nìkan, ìwé oríṣiríṣi. Òfin tí ìpínlẹ̀ Iowa ṣe ní 2023 mú kí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan kó 1984 ti Orwell kúrò lórí pẹpẹ. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ ni ó fà á. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ní 2009, ilé-iṣẹ́ Amazon pàápàá ti nawọ́ láti òkèèrè, ó pa 1984 rẹ́ kúrò lórí ẹ̀rọ ìkàwé àwọn tí ó ti fi owó wọn rà á, nítorí ẹni tí ó tà á kò ní ẹ̀tọ́ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ń kà á fún iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rí i pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò wúlò mọ́. Bí Orwell bá fi èyí sínú ìwé, àwọn olóòtú ì bá ní àsọdùn ni.

Kí ará Nàìjíríà má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ní 1964, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de Hubert Ogunde àti ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí eré Yorùbá Ronú. Ọdún 1966, lẹ́yìn tí ìjọba náà ti wó, ni wọ́n tó lè ṣeré ní agbègbè náà mọ́. Ọdún 1984 tí Orwell fi sọ ìwé rẹ̀ lórúkọ sì bá Nàìjíríà nínú aṣọ ológun. Lábẹ́ ètò WAI, àwọn sójà di kòbókò mú ní ibùdókọ̀ kí àwọn èrò lè tò, wọ́n sì ń fi òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó bá pẹ́ dé fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Decree 4 wọlé dé: bí ìròyìn bá lè sọ aláṣẹ di ẹni yẹ̀yẹ́, ó ti di ẹ̀ṣẹ̀, ìbáà jẹ́ òótọ́. Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti ìwé ìròyìn The Guardian lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kan lábẹ́ òfin náà, a sì bu ìtanràn 50,000 náírà lé ìwé ìròyìn wọn. Ọ̀gágun Muhammadu Buhari ni olórí ìjọba. Òun náà ni ààrẹ nínú oṣù Kẹfà ọdún 2021, nígbà tí a ti Twitter pa fún oṣù méje gbáko.

Bí a bá bi àwọn ọ̀dọ́ Èkó tàbí Ìbàdàn tí ó mọ Katniss nípa Thompson àti Irabor, mélòó ni yóò mọ̀ wọ́n? Ẹ̀bi ta ni? Láti sáà 2009 sí 2010 ni a ti yọ ẹ̀kọ́ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí ó dá dúró ní ìpele ìbẹ̀rẹ̀ nínú ètò ẹ̀kọ́ Nàìjíríà, ó sì pẹ́ kí ìjọba tó pàṣẹ pé kí a dá a padà. Ìwé The Giver tí Lois Lowry kọ ní 1993 dá lé irú ìlú bẹ́ẹ̀ gan-an: àgbà kan ṣoṣo ni ó ń tọ́jú ìrántí gbogbo ìlú, àwọn yòókù sì ń gbé láìmọ̀ pé ogun tàbí ebi wà rí. Nínú ìtàn yẹn, àgbà náà pe ọmọ ọdún 12 kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìrántí náà lé e lọ́wọ́. Àwọn àgbà ti ibí gbé tiwọn pamọ́, wọ́n wá ń bínú pé ọmọ lọ wá a sínú ìwé Òyìnbó.

Bí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ bá rí irú ìwé yìí nínú àpò akẹ́kọ̀ọ́, kí ó yá a lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó kà á tán. Lẹ́yìn náà kí ó pe ọmọ náà àti àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń kà á, kí ó sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú tiwọn ní 1984 fún wọn: ẹni tí ó tò lábẹ́ kòbókò, ẹni tí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n, àti ohun tí àwọn òbí òun fúnra rẹ̀ ń sọ nínú ilé nígbà tí ilẹ̀kùn bá ti wà ní títì.