Kì Í Ṣe Ogbó, Ebi Ni

Ẹ̀yin ará wa, bí ọmọ ọwọ́ bá ń rù, ariwo a ta, a ó sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ṣùgbọ́n bí ìyá arúgbó bá ń rù lójú wa, tí aṣọ rẹ̀ kò dúró lọ́rùn mọ́, ohun tí a máa ń wí ni pé, "Ogbó ló dé." Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe ogbó rárá. Ebi ni, tàbí àìsàn tí a lè tọ́jú.

Àwọn onímọ̀ ìṣègùn ti fi yé wa pé ara àgbà kò fẹ́ ẹ̀wà, ẹja àti ẹyin kéré sí ti ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n eyín ti ká, oògùn kò jẹ́ kí oúnjẹ wù ú, ẹni tí ó sì ń dá gbé kì í fẹ́ dáná fún ara rẹ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ ìyá àgbà ni ó ń bu oúnjẹ tirẹ̀ fún ọmọ-ọmọ tí a fi tì í. Èkọ lásán ní àárọ̀, ẹ̀bà tí kò ní ẹja ní alẹ́: ikùn kún, ara kò rí nǹkan kan. Bí ẹni bẹ́ẹ̀ bá ṣubú, egungun a kán. Bí ó bá ní egbò, kì í tètè jinná.

Láti Sókótó dé Calabar, àìmọye àgbẹ̀ àti oníṣòwò ni kò ní owó ìfẹ̀yìntì kankan. Ní àwọn oṣù kan ní ọdún 2024, owó oúnjẹ fi ju ìdá 40 nínú 100 lọ ju ti àkókò kan náà ní ọdún tí ó ṣáájú rẹ̀. Ìjọba Èkìtì fi ọ̀nà hàn ní ọdún 2011, nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí san 5,000 náírà lóṣooṣù fún àwọn àgbà aláìní. Kí ni 5,000 náírà lè rà lọ́jà lónìí? Òfin ọdún 2017 sì dá ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan sílẹ̀ fún ọ̀ràn àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n òfin kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú ìkòkò ọbẹ̀.

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ní ọjọ́ ìbò, a mọ ilé gbogbo arúgbó, mọ́tò wa a sì gbé wọn lọ síbi àpótí. Bí a ti mọ ilé wọn lọ́jọ́ ìbò, ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ ebi pẹ̀lú. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn àgbà tí kò ní olùtọ́jú. Kí ẹnikẹ́ni tí ń wá ìbò wa sì ṣèlérí owó oṣooṣù fún àgbà tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì, owó tí yóò máa gòkè bí owó ọjà bá ti ń gòkè.

Ní ilé wa, ẹ jẹ́ kí a fi mọ́ínmọ́ín àti ẹja tí a ti yọ egungun rẹ̀ sí àwo wọn, kí a sì jókòó bá wọn jẹun.

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Bí ọmú ọmọ bá gbẹ, kí ìlú má ṣe wò ó níran.