Ìwé Kíkà Kọ́ Ni Ìdánilẹ́kọ̀ọ́

Ó ti di àṣà láàárín àwa olùkọ́ èdè Yorùbá pé, bí a bá pe ẹnì kan sí àpérò kí ó wá bá wa sọ̀rọ̀, yóò dìde, yóò dorí kodò, yóò sì máa ka bébà rẹ̀ láìgbójú sókè títí alága yóò fi lu tábìlì. Àṣà yìí kò dára, ó sì yẹ kí a pa á tì. Ohun tí àwa náà lè kà nílé ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń kà sí wa létí. Kò tíì dá wa lẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a ro ti ẹni tí ó wá gbọ́ ọ. Olùkọ́ tí ó ti Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ wá ti san owó ọkọ̀, ó sì ti fi kíláàsì sílẹ̀. Òfin tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2018 sọ kíkọ́ èdè Yorùbá di dandan ní ilé-ìwé ìjọba àti ti aládàáni; ohun tí yóò mú dé iwájú ọmọ ni olùkọ́ náà wá wá. Ní Noforija lẹ́bàá Ẹ̀pẹ́, níbi tí kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ ti di ara Yunifásítì Ẹ̀kọ́ṣẹ́ Olùkọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2022, àwọn ọ̀dọ́ ń kọ́ bí a ti ń kọ́ni. Bí àwa àgbà bá ń dorí kodò, ta ni wọn yóò fi ṣe àwòkọ́ṣe?

Àwọn kan yóò wí pé onímọ̀ kì í ṣe alárìnjó, àti pé ìwé kíkà ni kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí, ṣùgbọ́n kò dé ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ̀rí àti àlàyé kíkún ní ààyè tiwọn nínú bébà tí a ó tẹ̀ jáde. Etí kò lè ṣí ojú ìwé padà bí ojú ti ń ṣe. Bí a bá sì ń sáré kàwé, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ a dàrú, igbá a sì máa dún bí ìgbà. Ta ni ìbá dúró gbọ́ Ligali Mukaiba, olórin àpàlà ọmọ Ẹ̀pẹ́, bí ó bá jẹ́ pé inú ìwé ni ó tẹjú mọ́? Síbẹ̀, ta ni yóò sọ pé àpàlà kò ní ọgbọ́n nínú?

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí olùbánisọ̀rọ̀ kọ́kọ́ yan kókó kan ṣoṣo. Ká ní ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Ẹ̀pẹ́ ni ó fẹ́ sọ̀rọ̀ lé. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní ọdún 1851, tí ó yà sí àdéhùn ọdún 1854, tí ó sì tẹ̀ lé e padà sí Èkó ní ọdún 1862, àkókò yóò ti tán. Gbólóhùn kan tó fún Kòsọ́kọ́, kí a lè mọ bí Èkó Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ti jọ wà nínú ìlú kan. Lẹ́yìn náà, kí ó jẹ́ kí a fi etí ara wa gbọ́ bí apá kọ̀ọ̀kan ti ń sọ̀rọ̀.

Èkejì, kí ó ṣírò àkókò. Ojú ìwé 25, bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú 2 péré, ìṣẹ́jú 50 ni; kò lè wọ inú ìṣẹ́jú 20. Kí ó sọ ọ́ sókè nílé, kí aago wà níwájú rẹ̀, kí ẹnì kan tí kì í ṣe onímọ̀ ẹ̀ka rẹ̀ sì jókòó tì í. Níbi tí onítọ̀hún bá ti yán, ibẹ̀ ni kí ó gé. Ẹ̀kẹta, bí orin bá wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí ó kọ ọ́, kí a sì gbè é.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni a ń sọ fún ọmọlúàbí. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ń ṣètò àpérò, ẹ gba bébà kíkún sílẹ̀ lọ́wọ́ olùbánisọ̀rọ̀ kí ọjọ́ tó pé, kí ẹ sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni ẹ pè é sí.